Ibi Tí Ìyá Rẹ Kò Ti Ní Ké Mọ́

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ọmọ mi, Oníbéèrè,

Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà ṣì ni ẹ ń fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Kí Ọlọ́run máa bá wa ṣọ́ ọ. Èmi náà ń bẹ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, ojú mi kò sì fẹ́ rí àwọn wáyà tín-ín-rín mọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń gbé rédíò wá fún mi, mo sì ń tún un ṣe.

O ó máa wò ó pé kí ló mú bàbá rẹ, tó kórìíra ìwé kíkọ bí ológbò ṣe kórìíra omi, jókòó ti bírò nígbà tí fóònù wà nílẹ̀. Yàrá méjì la ní. Ibi yòówù kí n dúró sí kí n fóònù, ìyá rẹ ń gbọ́ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í sì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kó gbọ́. Aránṣọ ilé kejì ni yóò bá mi ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ. Ẹnu rẹ̀ máa ń yá jù, àmọ́ ó ti búra.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní kí ìyá rẹ jókòó síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, jẹjẹrẹ yìí ti kúrò ní ọyàn, ó ti wọ eegun. Kò sí ohun tí a lè fi lé e mọ́." Mo bi í pé ṣé kí a padà wá lóṣù tó ń bọ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní, "Ẹ wá ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́. Wọn yóò máa pa ìrora fún wọn níbẹ̀ títí dópin."

Nígbà tí mo jáde, ìyá rẹ ní, "Kí ló sọ?" Mo ní ó ní kó máa jẹun dáadáa. Ó ní, "Ó gbà á tó bẹ́ẹ̀ kó tó sọ ìyẹn?" Mo ní ká tètè lọ wọ ọkọ̀.

Ọmọ mi, agbára mi ti pin. Ìrora náà ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Ó máa ń ki ìbora bọ ẹnu kí àwọn ará ilé má baà gbọ́. Ṣé kí n wá irú ilé tí dókítà wí? Mi ò fẹ́ dá a ṣe, kí o má wá sọ lọ́la pé n kò bi ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí yín, mo kí Màámi púpọ̀. Mo ka lẹ́tà yín nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, torí wọ́n máa ń ti fóònù wa mọ́ àpótí títí iṣẹ́ yóò fi parí. N kò mọ bí mo ṣe délé.

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Ilé tí wọ́n ti ń dúró de ikú lẹ fẹ́ gbé ìyá mi lọ? Dókítà kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, ẹ sì gbà fún un! Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbà pé rédíò ti kú. Bí wọ́n bá gbé èyí tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ wá fún yín, ẹ ó tú u palẹ̀, ẹ ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wá ibi tó ti já. Ṣé ìyá mi kò wá tó rédíò ni?

Ilé ìwòsàn ńlá kan wà tí mo ti kọ̀wé sí. Mo ń retí èsì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Ẹ fún un ní èso, ẹ fún un ní ẹyin, kó lè lókun. Bó bá sì jẹ́ pé ìtọ́jú rẹ̀ ló sú yín, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n wá ẹni tí yóò máa ràn yín lọ́wọ́.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Oníbéèrè,

O kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà rẹ dé tipẹ́. Inú ló bí mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi fèsì.

"Bó bá jẹ́ pé ó sú yín." Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ jáde nìyẹn. Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa fún ọ.

Ìwẹ̀ ló fẹ́ wẹ̀. Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sílẹ̀, mo kì í mú lábẹ́ apá, mo ní kó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. A dìde. Bí a ṣe ní ká yí padà báyìí ni orúnkún mi yẹ̀, àwa méjèèjì sì balẹ̀ gbì. Ọpẹ́ ni pé èmi ló wà nísàlẹ̀. A wà níbẹ̀ lórí simẹ́ńtì, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹnì kejì dìde. Ni ìyá rẹ bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Oníbéèrè, ó ti pẹ́ gan-an tí o ti dùbúlẹ̀ tì mí lójú ọ̀sán gangan báyìí." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àárín ẹ̀rín yẹn ni ìrora náà ti dé, ẹ̀rín sì di igbe. Ọmọ mi, n kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, títí kan ìgbà tó ń rọbí rẹ. Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ ló sáré wá gbé wa.

O ń sọ̀rọ̀ rédíò. Rédíò kì í ké. Bí mo bá tú u tí n kò rí ibi tó ti já, n ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó jẹun, n ó sùn. Ṣé kí n ti ìyá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni?

Kì í ṣe ibi tí yóò kú sí ni mo ń wá. Ibi tí kò ti ní ké mọ́ ni mo ń wá. Ikú mọ ọ̀nà ilé wa, kò dìgbà tí mo bá fi hàn án. Bí ilé ìwòsàn ńlá rẹ bá lè wò ó, wí fún mi, ẹ̀yìn yìí ni n ó fi pọ̀n ọ́n débẹ̀. Bí wọn kò bá lè wò ó, má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ máa lọ lórí ara rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìbínú. Ẹni tó wà lókèèrè kò ní ohun méjì tó lè fi jà, ẹnu nìkan ló ní.

Ilé ìwòsàn náà dá mi lóhùn. Wọ́n yẹ ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wò. Ohun tí dókítà yín sọ náà ni wọ́n sọ, wọ́n kàn fi èdè tó tutù sọ ọ́ ni. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, mo sì lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń lọ aṣọ, opó ni. Irú ilé tí dókítà wí yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Mo bi í bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tó dára. Ó gbé àyọ́nù sílẹ̀, ó ní, "Má wo òdòdó. Béèrè bóyá oògùn tó ń pa ìrora ńlá wà nínú ilé náà gan-an, kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń lọ wá a. Béèrè ẹni tó lè fún aláìsàn nígbà tí dókítà bá ti lọ sílé. Wo ètè àwọn tó dùbúlẹ̀ bóyá ó gbẹ. Wo gìgísẹ̀ wọn, torí ibẹ̀ ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọn kò bá yí wọn padà. Kí o sì jókòó díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rò pé o ti lọ." Ó sì gbé àyọ́nù rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá, mo rí ilé kan lórí fóònù tí kò jìnnà sí yín. Ilé funfun ni, orí òkè ló wà, ó ní ọgbà àti àga lábẹ́ igi. Àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ yìn ín gan-an. Ẹ bá mi lọ wò ó. Ẹ bi wọ́n ní gbogbo ohun tí opó yìí sọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ fún mi, ṣé Màámi mọ ohun tó ń ṣe òun?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Oníbéèrè,

Ṣé ara le? Bóyá ìyá rẹ mọ̀ tàbí kò mọ̀, n kò lè sọ. Kò béèrè lọ́wọ́ mi mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo ti lọ. Ilé méjì ni mo rí.

Ilé funfun rẹ lẹ́wà. Táìlì ilẹ̀ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ikùn mi nínú rẹ̀. Mátírọ̀nì wọn ń ta sánsán, ó mú mi jókòó, ó fún mi ní tíì pẹ̀lú bisikíìtì. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ìrora tí a kì í pa níbí." Mo ní kó fi oògùn náà hàn mí. Ó mú mi lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òfin ni pé kó máa wà ní títì. Ìyẹn yé mi, torí oògùn líle ni, n kò sì ní kó ṣí i.

Mo ṣe bí ẹni tó ń sinmi ẹsẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀. Aago kan ń dún láti yàrá kan. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bàtà tí ọ̀kan nínú wọn rà ni wọ́n ń sọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ń pè yín." Ọ̀kan ní, "Ìyá yẹn ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Nígbà tó yá, aago náà dákẹ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ etí ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ọmọ mi. N kò fẹ́ràn bó ṣe dákẹ́.

Dókítà ló júwe ilé kejì. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà ló wà. Ayùn ń pariwo, eruku igi bo fèrèsé, ọ̀dà ara ògiri ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Inú mi ti bàjẹ́ kí n tó wọlé. Nọ́ọ̀sì àgbà wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Kò fún mi ní tíì. Ó ní, "Ibo ló ń dun ìyàwó yín? Ṣé ó ń ta á bí iná ni àbí ó ń fún un bí okùn? Kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín?" Mo mọ èyí tó kẹ́yìn, n kò mọ àwọn tó kù. Ó ní kí n lọ bi í. Bàbá arúgbó kan dùbúlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti fi òróró pa á létè, ó ń bá obìnrin tó ń nu ilẹ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù. Mo wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Mo ní kò sí. Gìgísẹ̀ náà mọ́, kò ní egbò.

Mo béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì wà. Nọ́ọ̀sì náà ní kò sí, òun kò sì mọ ìgbà tí yóò wà. Bó ṣe fẹ́ sọ nǹkan mìíràn ni wọ́n pè é, ó sáré lọ. Mo dúró títí, mo sì padà sílé.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Èyí tí ọkàn mi fẹ́ kò ní àyè. Èyí tó ní àyè, ọkàn mi kò fẹ́ ẹ. Kí ni ká ṣe?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú wàhálà. Mo ti bá mátírọ̀nì ilé funfun sọ̀rọ̀, mo sì ti san ohun tó yẹ kí n san. Wọn yóò gbà á wọlé lọ́la.

Bàbá, mo mọ etí yín, ṣùgbọ́n ṣé torí aago kan la ó ṣe jẹ́ kí Màámi máa jẹ ìbora? Ilé tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, tí eruku igi ń fẹ́ wọ̀, ibẹ̀ lẹ fẹ́? Tí kò tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì! Obìnrin náà bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní òun yóò mú un bí ìyá òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ. N kò lè sùn mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ dá mi lóhùn. Mo pè, ẹ kò gbé e. Mo pe aránṣọ, ó ní ẹ wà láàyè, ó ní kí n má bi òun ní ohun mìíràn. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ilé funfun nìkan ló ń gbé fóònù. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, mátírọ̀nì á ní, "Ara ìyá ti balẹ̀." Bí ara bá ti balẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún mi? Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Ẹ bínú, ẹ bú mi, àmọ́ ẹ kọ nǹkan.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Ìyá rẹ wà láàyè, inú yàrá wa ló wà. N kò fẹ́ fi ìdajì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, torí kò sí ìdajì kan tó dára nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e dé ilé funfun ni wọ́n ti ní ọ̀sán nìkan ni kí n máa wá. Mo bá a lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, irun rẹ̀ wà ní yíyà. Mo ní bóyá etí mi ló ṣìnà. Lọ́jọ́ kejì, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo bu omi fún un. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, aṣọ abẹ́ rẹ̀ tutù, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ń fún un lóògùn. Ó ní, "Wọ́n ń fún mi ní nǹkan kan." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Àìkú, láti ẹnu géètì ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo sáré, èmi tí n kì í sáré. Ó ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fún. Mo tẹ aago, kò sẹ́ni tó dé. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó ní oògùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mátírọ̀nì ló mú kọ́kọ́rọ́ dání, mátírọ̀nì sì ti rìnrìn àjò, ó di ọjọ́ Ajé. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, obìnrin tó ti rù hangogo. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò mọ òfin ibí? Wọn kì í gbà kí a ní ìrora lópin ọ̀sẹ̀." Lójú ikú, ó ṣì lè ṣẹ̀fẹ̀.

Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Pa mí." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ìgbà tó ń ní kí n bu omi wá.

O mọ̀ pé sukudiráfà kì í kúrò lápò mi. Mo lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà. N kò fọwọ́ kan ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara rẹ̀ ni mo lọ, mo tú àwọn sukúrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń pariwo lẹ́yìn mi, ẹ̀ṣọ́ sì dé, ó dì mí lápá mú. Ilẹ̀kùn náà ti wó lulẹ̀ nígbà yẹn. Gbogbo wa la jọ wo inú rẹ̀. Òwú wà níbẹ̀, ìpara wà níbẹ̀, ife tíì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bisikíìtì. Páálí oògùn orí-fífọ́ tí wọ́n ń tà nígboro wà níbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn. Mo wò ó dé ẹ̀yìn. Mo rí i lójú nọ́ọ̀sì náà pé òun náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ní àwọn yóò pe ọlọ́pàá. Mo ní kó pè wọ́n, kó tètè pè wọ́n, kí àwọn náà wá bá wa wò ó. Ó fi apá mi sílẹ̀.

Mo ní kí olùkọ́ náà bá mi máa bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sílé ẹ̀yìn káfíńtà. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ, mo ṣáà mọ̀ pé n ó dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì kúkúrú náà ní, "Ẹ dìde. Kí ló dé tí ẹ kò padà wá? Mo jáde, ẹ ti lọ. Bẹ́ẹ̀dì lẹ béèrè, mo ní kò sí. Ẹ kò béèrè bóyá a máa ń wá sílé."

Wọ́n máa ń wá sílé, Oníbéèrè! Àwa méjèèjì béèrè gbogbo nǹkan, ẹnì kankan nínú wa kò béèrè ìyẹn. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé àpò rẹ̀. Ọkọ aránṣọ gbé mọ́tò wá, a lọ gbé ìyá rẹ kúrò, kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Nígbà tí a délé, nọ́ọ̀sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó bi í ní ohun tó bi mí lọ́jọ́sí, bóyá ó ń ta á ni tàbí ó ń fún un. Ó fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ kán oògùn olómi kan sí i lẹ́nu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò lọ. Ó dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún kán an. Ọwọ́ ìyá rẹ ṣí, ìbora bọ́ sílẹ̀. Ó la ojú, ó wo òkè àjà, ó ní, "Ta ló pa rédíò yẹn?" Kò sí rédíò kankan tó ń dún.

Nọ́ọ̀sì rí egbò kan ní ìdí rẹ̀. Ilé funfun ló ti gbà á. Ó fọ̀ ọ́, ó dì í, ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa yí i padà tí orúnkún mi kò ní yẹ̀. Ó ní bí ìrora bá dé kí n pè, ìgbàkígbà. Mo dán an wò. Wọ́n gbé e.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

N kò ní ìkíni kankan lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo pe ilé funfun. Mátírọ̀nì ní, "Ara ìyá ti balẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán." Inú yàrá yín ni ìyá mi wà nígbà yẹn! Mo ti kọ ọ́ síta fún gbogbo ẹni tó ń wá ilé náà lórí fóònù láti kà. Mo kọ ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo kọ ti òpin ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ yẹn ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín nípa rẹ̀.

Mo fẹ́ wá sílé. Lọ́yà ní bí mo bá jáde kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ìgbélùú mi, wọn yóò ti fáìlì mi pa, n kò sì ní lè padà síbí mọ́. Gbogbo ọdún tí mo ti fi fọ aṣọ àwọn àlejò yóò wọmi. Orí mi ń dà rú. Bí mo bá dúró, ìyá mi yóò lọ. Bí mo bá wá, kí ni n ó máa fi bọ́ yín lẹ́yìn náà?

Ẹ bi Màámi. Ẹ má fi pamọ́ fún un mọ́. Bó bá ní kí n dúró, n ó dúró.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi tí mo bí,

Aránṣọ ló ń bá mi kọ èyí. N kò jẹ́ kí bàbá rẹ kọ ọ́, torí yóò máa yọ ibi tó gbóná kúrò níbẹ̀. Mo ti rán an lọ ra ọsàn.

Ó jókòó tì mí lánàá, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Ṣé pé mo ń kú ni?" Fìlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara mi ni, ṣé kò yẹ kí n mọ̀ ni? Láti ọjọ́ tí dókítà ti ní kí n jókòó síta ni mo ti mọ̀. Dókítà kì í lé èèyàn síta torí ẹyin àti èso. Mo dákẹ́ torí bàbá rẹ fẹ́ràn irọ́ rẹ̀ gan-an, n kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

O sanwó ilé kan, ilé náà kò dára. Kì í ṣe ìwọ lo ti kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo. N kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan lórí ìyẹn.

Olùkọ́ tí o béèrè, nọ́ọ̀sì ti lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀. Ó kí mi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wíwá rẹ. Mo mọ ohun tí ìyá rere máa ń sọ. Á ní, "Jókòó síbi iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi, ọkàn mi wà pẹ̀lú rẹ, má ba ayé rẹ jẹ́ torí mi." Aránṣọ tilẹ̀ ti ń kọ ọ́, mo ní kó pa á rẹ́. Irọ́ ni àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ń pa. Ìrora ti lọ, orí mi sì ti padà wá, ohun tí orí mi sì ń béèrè ni ojú rẹ. N kò mọ bí ayé rẹ yóò ṣe rí lẹ́yìn èyí, n kò ní sí níbẹ̀ láti bá ọ tún un ṣe. Ó dùn mí. Àmọ́ o bi mí, mo sì ń dá ọ lóhùn.

Wá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi, Màámi,

Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́yà ní mo ya wèrè. Opó tí a jọ ń lọ aṣọ ló bá mi di ẹrù, ó ní òun ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ òun. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀túnla ni n ó gúnlẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá mi bẹ aránṣọ kó wá pàdé mi. Ẹ bá mi bẹ Màámi kó dúró dè mí.


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Ọmọ mi, Oníbéèrè,

Káàbọ̀. Mo ní kí aránṣọ fún ọ ní ìwé yìí nínú mọ́tò, kí o kà á kí ẹ tó délé.

Ó ṣì wà. Mo ń kọ ọ́ síwájú kí o lè mí. Nọ́ọ̀sì wá ní àárọ̀, ó wò ó, ó pè mí síta. Ó ní bí kò bá ṣe òní, ọ̀la ni. Mo bi í bóyá ó ń jẹ̀rora. Ó ní rárá. Mo jókòó tì í láti ìgbà yẹn, òótọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o mọ bí yóò ṣe rí, kí ìpayà má baà mú ọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tóbi mọ́. Ojú rẹ̀ ti jìn, awọ rẹ̀ ti ṣú. Ó lè má la ojú. Mímí rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń fún un lọ́rùn. Má pariwo. Ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún ni egbò wà, apá òsì ló kọjú sí, nítorí náà ibẹ̀ ni kí o jókòó sí. Mo ti gbé àga síbẹ̀ fún ọ. Bí ètè rẹ̀ bá gbẹ, òwú tútù wà nínú ife. Nọ́ọ̀sì ní etí ló máa ń kú kẹ́yìn lára, ó ní ẹni tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbọ́ni. Nítorí náà, má wọlé wá dúró máa wò ó. Pè é. Sọ pé ìwọ ni.

Ó béèrè rẹ lánàá, ó ní kí lo ń jẹ lójú ọ̀nà. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní n kì í mọ nǹkan kan.

Nípa ìwé rẹ, nípa iṣẹ́, nípa ohun tí a ó jẹ lẹ́yìn èyí, n kò mọ ohun tí n ó sọ fún ọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti òní.

Bí o bá ti ka èyí tán, dá a padà fún aránṣọ. Fi gbogbo ẹrù rẹ sínú mọ́tò, má gbé báàgì kankan wọlé. Mo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ méjèèjì ṣófo.

Bàbá rẹ.